Ẹ̀yìn La Fi Gòkè

Ó dún "kẹ́ù!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Kò dún bí ìbọn, kò dún bí àrá,
ó dún bí eegun adìẹ lẹ́nu ẹni tí ebi ń pa.
Glenys pa iná mọ́tò.
Iyanrìn pupa tí a ti rú sókè wá ń rọ̀ kalẹ̀
sórí gíláàsì, sórí irun apá wa,
sínú tíì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bù.

Aṣálẹ̀ Simpson, oṣù keje, ọ̀sán gangan.
Òkè iyanrìn kẹtàdínlógójì la wà láti òwúrọ̀,
mo ń kọ wọ́n sínú ìwé bí ẹní ń kọ gbèsè.
Birdsville ló súnmọ́ wa jù,
ìrìn ọjọ́ kan ni, fún ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá yè.

"Sáàfù ẹ̀yìn ni," ni Glenys wí.
Kò tíì bọ́ sílẹ̀ o. Etí ló fi mọ̀.
Ó tú nọ́ọ̀tì, ó fi òòlù kan hóbù jẹ́jẹ́,
eṣinṣin ń mumi lójú rẹ̀, kò lé wọn.
Ó fa irin gígùn náà yọ. Kò pé.
Ìwọ̀n ìka mẹ́ta kù sínú jíà,
wákàtí méjì la fi mágínẹ́ẹ̀tì àti wáyà dẹ ẹ́ bí ẹja.

Ojú ibi tó ti kán: apá kan ń dán bí owó tuntun,
apá kejì ti dúdú, ó ti dípẹtà.
"Wò ó," ó ní, "òní kọ́ ló kán.
Ó ti ń kán láti èṣí.
Àwa la kàn ń gùn ún kiri."

Mo ní ṣé táyà ò ní yọ dànù báyìí?
Ó rẹ́rìn-ín. "Irin yìí ò gbẹ́rù rí láyé rẹ̀.
Ilé tó ń gbé nínú rẹ̀ ló ń gbẹ́rù.
Yíyí ni tirẹ̀, ó ń yí ni."
Mo rántí ọ̀gá mi kan ní ọ́fíìsì. Mo panu mọ́.

Ìdérí agolo ẹ̀wà la gé, a fi dí ojú ihò,
kí iyanrìn má bàa wọlé lọ bá gíríìsì.
Iwájú nìkan ló wá kù tó ń ṣiṣẹ́.
A kọlu òkè tó kàn lẹ́ẹ̀mẹta,
ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá wa padà,
tí táyà iwájú ń họlẹ̀ bí ajá tó gbàgbé ibi tó rì eegun sí.

Ilẹ̀ ṣú. Òtútù gan omi inú kẹ́tùlù.
Des dáhùn lórí rédíò láti Birdsville, ohùn rẹ̀ ń há:
"Omi ń kọ́?"
"Lítà ogójì."
"Ẹ ò tíì kú nìyẹn." Ó pa á.

Kí oòrùn tó là, Glenys ti rin òkè náà lọ, rin ín bọ̀.
Ó wọ mọ́tò, ó yí i po,
ó kẹ̀yìn rẹ̀ sí òkè.
"Bí a bá kọjú sí i, ẹ̀yìn ni gbogbo ìwúwo ń lọ,
ẹ̀yìn sì ti kú.
Bọ́ orí síta. Máa júwe fún mi."

Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá,
tiwa ò tún kọjú síwájú mọ́, ìdí náà ló fi kàn.
"Òsì! Òsì díẹ̀! Ọ̀tún!
Igi wà níbẹ̀, Glenys, igi!"
Ọrùn mi yí títí ó fi le gan-an.
Lórí òkè, a yí po, a sọ̀ kalẹ̀,
nísàlẹ̀, a tún yí po.
Mi ò kọ òkè sínú ìwé mọ́,
ọwọ́ mi ń di fèrèsé mú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òkè ńlá tó gbẹ̀yìn.
Des ti dúró ṣánṣán lórí rẹ̀, ó di ife tíì mú,
ó ń wo ìdí mọ́tò tó ń bọ̀ wá bá a nínú eruku.
Ó kígbe pé,
"Ṣé ẹ ń bọ̀ ni, àbí ẹ ń lọ?"
Glenys ò fèsì.
Ó na irin kíkán náà síta lójú fèrèsé,
ó sì tẹ iná mọ́tò.